Ọta Kò Mọ Ọ̀tá

Àmì ohùn nìkan ló ya ọta tí à ń kì sínú ìbọn sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀tá tí à ń bẹ̀rù. Àwọn méjèèjì fara jọra létí, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ara wọn rí. Ọta kò mọ olè, kò mọ ọmọ onílé tó dìde lóru lọ tọ̀, kò sì mọ aládùúgbò tó sùn sí òdìkejì ògiri. Ibi tí a bá kọ ọ́ sí ló ń lọ. Bó bá débẹ̀ tí agbára rẹ̀ kò tíì tán, yóò kọjá lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìjínigbé àti ìjà àgbẹ̀ òun darandaran ti gbòde ní ilẹ̀ Yewa, pàápàá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 tí rògbòdìyàn agbègbè Ẹ̀gùwà lé ọ̀pọ̀ ará abúlé kúrò nílé, ìbéèrè kan wà tó yẹ kí á fara balẹ̀ dáhùn fún ẹni tó nílé ní Ìmẹ̀kọ, ní Ayétòrò, títí dé Ìlaròó: bí èèyàn bá fẹ́ fi ìbọn ṣọ́ ilé, irú ọta wo ló yẹ kó ní? Èsì tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọkàn ni pé kó wá èyí tó le jù, irú èyí tó wà lọ́wọ́ gbọ́mọgbọ́mọ, ìyẹn ọta ráífù. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọta tó yẹ ilé ni èyí tí agbára rẹ̀ tètè ń tán lẹ́yìn tó bá ti ṣe iṣẹ́ tí a rán an. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn gbogbo ọta tó wà láyé, ti ráífù ni yóò kọ́kọ́ já sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara ilé fúnra rẹ̀, nítorí ilé ló máa pinnu ohun tí ọta máa dà. Ìmẹ̀kọ jẹ́ ìlú Kétu; àdéhùn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní ọdún 1889 ló fa ààlà tó fi Onímẹ̀kọ sí ìhà Nàìjíríà, tó sì fi Alákétu sí ìhà tó di Benin lónìí. Ní Ìlárá àti ní Ìwóyè, ẹ̀yìnkùlé ni ààlà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́: àbúrò ń gbé Nàìjíríà, ẹ̀gbọ́n ń gbé Benin, wọ́n sì ń jọ kí ara wọn láàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé wa kì í dá dúró. Agboolé ni, ògiri kan ti èkejì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ni yàrá mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ń kọjú sí. Ilé àtijọ́ jẹ́ ilé amọ̀ tí ògiri rẹ̀ nípọn, ṣùgbọ́n pákó ni ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀, páànù ló bò ó lórí. Ilé ìsinsìnyí jẹ́ ti búlọ́ọ̀kù oníhò, tí kò nípọn tó ti bàbá wa. Nígbà Kérésìmesì ńkọ́? Ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ ìjọ Celestial ń wọ́ wá láti ibi gbogbo sí Ìmẹ̀kọ, níbi tí wọ́n sin olùdásílẹ̀ wọn, Samuel Oshoffa, sí ní ọdún 1985; àlejò á kún yàrá, á kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn kan á tẹ́ ẹní sí gbangba. Irú ilé báyìí ni a ń wá ọta fún. Kì í ṣe ilé àdágbé láàárín oko, tí ògiri rẹ̀ jìnnà sí ti ẹnikẹ́ni.

Kí ló wá dé tí ọta ráífù fi yàtọ̀? Inú ọ̀pá ìbọn ni ọ̀rọ̀ wà. Inú ọ̀pá ìbọn ọdẹ ń dán gbọlọjọ ni, bí inú páìpù omi. Ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde á kàn máa fò lọ bí òkò. Inú ọ̀pá ráífù ní ìlà tí wọ́n gbẹ́ lọ́ yípo láti ìdí dé ẹnu. Bí ọta bá ń ti ibẹ̀ jáde, àwọn ìlà wọ̀nyẹn á gbá a mú, wọ́n á sì máa yí i. Òkòtó tí ọmọdé ń ta nílẹ̀ ló jọ: níwọ̀n ìgbà tó bá ń yí ní àyíká ara rẹ̀, yóò dúró ṣánṣán, bí yíyí náà bá dín kù, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Yíyí yìí ló ń jẹ́ kí ọta ráífù ya afẹ́fẹ́ pẹ̀lú imú rẹ̀ láìyà sí ọ̀tún tàbí òsì, tó sì fi ń jìnnà. Ojú ogun ni wọ́n ṣe é fún, láti ba ẹni tó wà ní ọgọ́rùn-ún mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Yàrá ìgbàlejò wa kò ju mítà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe é kò wúlò fún onílé rárá, ṣùgbọ́n ewu tó ń bá ọgbọ́n náà rìn wọ ilé tọ̀ ọ́ lọ.

Ìṣirò kékeré kan tún wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọta mọ̀. Ọta ìbọn ìléwọ́ tó wọ́pọ̀ jù láyé, èyí tí wọ́n ń pè ní 9 mm, wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 8. Ọta AK-47 náà wúwo tó gíráàmù 8. Bí a bá gbé àwọn méjèèjì sórí òṣùwọ̀n oníwúrà, ọ̀kan kò ní fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ ju èkejì lọ. Eré ni wọ́n fi yàtọ̀ síra. Ti ìbọn ìléwọ́ ń sáré nǹkan bí 350 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti AK-47 ń sáré nǹkan bí 715. Èèyàn lè rò pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára náà á di ìlọ́po méjì. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Ìdí nìyí tí ọta tó wúwo bákan náà fi lè dúró sínú pákó nígbà kan, kó sì gba ilẹ̀kùn, àga àti ilẹ̀kùn kejì kọjá nígbà mìíràn. Bí wọ́n bá yìn ín sí òkè díẹ̀ ní gbangba, ọta AK-47 lè rìn ju kìlómítà méjì lọ kó tó balẹ̀. Ní Ìwóyè, irú ọta bẹ́ẹ̀ á ti kọjá ẹnubodè sí orílẹ̀-èdè mìíràn láìfi ìwé ìrìnnà han aṣọ́bodè kankan. Àwọn ará ẹnubodè wa kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ohun tí ọta aṣìnà ń ṣe, nígbà tí ìjọba àti onífàyàwọ́ bá ń lé ara wọn gba inú ìlú.

Ọta ráífù kan náà tún pín sí oríṣi, ibẹ̀ sì ni àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ti máa ń jiyàn jù. Ọ̀kan wà tí wọ́n fi irin tó le bo òjé rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ti ológun nìyẹn. Òmíràn wà tí imú rẹ̀ jẹ́ òjé rírọ̀ tàbí tí wọ́n dá ihò sí i. Bó bá kan ara, imú náà á fẹjú bí olú, á gba ààyè púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tètè dúró. Ilé iṣẹ́ ọta ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan ní Dum Dum, lẹ́bàá Calcutta ní Íńdíà, ló sọ irú rẹ̀ di olókìkí ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọgbẹ́ tó ń dá burú tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó péjọ sí Hague ní ọdún 1899 fi kéde pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó mọ́ lójú ogun. Ohun tó jọni lójú ni pé ọta tí wọ́n kà léèwọ̀ fún ogun yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ lókè òkun ń gba onílé níyànjú láti lò. Ìdí wọn kò sì ṣòro láti rí: lójú ogun, ẹni tó wà lẹ́yìn ọ̀tá jẹ́ ọ̀tá mìíràn, nínú ilé, ẹni tó wà lẹ́yìn olè lè jẹ́ ọmọ ẹni. Àwọn fúnra wọn ti gbà nígbà náà pé bí ọta ṣe ń dúró ni ọ̀rọ̀ ilé dá lé. Ohun tí èmi kàn ń fi kún un ni pé kí a rin ọ̀nà yẹn dé òpin.

Bí a bá rìn ín dé òpin, ìbọn ọdẹ tó ń jẹ katirííjì ni yóò gbé wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yálà ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni oní-12. Nọ́ńbà yìí ní ìtàn: bí wọ́n bá yọ́ òjé tó wúwo páùn kan, tí wọ́n sì pín in sí bọ́ọ̀lù 12 ọgbọọgba, bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan yóò bá ẹnu ìbọn náà mu wẹ́kú. Nínú katirííjì, ẹ̀tù wà nísàlẹ̀, ìdènà wà láàárín, ọta wà lókè. Ọta ọ̀hún lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tó tóbi. Ó lè jẹ́ bọ́ọ̀lù mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ju mílímítà 8 lọ, irú èyí tí wọ́n fi ń pa ẹran ńlá. Ó sì lè jẹ́ ọta wẹ́wẹ́ tó lé ní igba, bí ọkà bàbà, tí wọ́n fi ń pa ẹyẹ àti òkété. Bí nọ́ńbà ara páálí bá ṣe ń ga sí i ni ọta ń kéré sí i, ohun tó máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú nìyẹn. Ìwà ọta wẹ́wẹ́ ló wá bá ọ̀rọ̀ wa mu. Ní mítà mẹ́rin, kò tíì fọ́n ká ju ẹnu ife lọ. Gbogbo rẹ̀ ṣì ń rìn bí òkò kan, kò sì sí ẹni tó máa fi í ṣeré. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń jìnnà ló ń túká, bí ó ti ń túká ni afẹ́fẹ́ ń jẹ agbára rẹ̀. Nọ́ńbà 6 kì í rìn ju nǹkan bí 220 mítà lọ bó ti wù kí a gbé ẹnu ìbọn sókè tó, kó tó sì débẹ̀ ni agbára rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn bọ́ọ̀lù ńlá lè dé 650 mítà, wọ́n sì ń la ilẹ̀kùn pákó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo yẹn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ráífù nínú ilé. Nítorí náà, láàárín àwọn mẹ́ta, èyí tí ọdẹ fi ń pa òkété ló sún mọ́ ohun tí agboolé lè gbà láyè jù.

Òfin Nàìjíríà pàápàá dé ibì kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn ló gbà. Láyé ogun Kírìjì, láàárín ọdún 1877 sí 1893, àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ráífù tí wọ́n ń ti ìdí kì gbà láti ọwọ́ àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó, wọ́n sì fi pa agbára ìbọn ṣakabùlà Ìbàdàn mọ́ ọn lójú. Àwọn ará Yúróòpù rí i pé bí ráífù bá gba Áfíríkà kan, apá wọn kò ní ká a mọ́. Ní ọdún 1890 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé Brussels tó ní kí ẹnikẹ́ni má kó ráífù wọ àárín Áfíríkà, ṣùgbọ́n tó fi ààyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta-iná tí inú rẹ̀ ń dán àti ẹ̀tù ọjà. Ire wa kọ́ ni wọ́n ń wá. Síbẹ̀, ìpín yìí náà ló tún hàn nínú Òfin Ìbọn ọdún 1959 tí a ṣì ń lò. Òfin yìí fi ráífù ológun sí abẹ́ èèwọ̀, ó sì dárúkọ ìwọ̀n wọn: 7.62 mm, 9 mm, .300 àti .303. Ìbọn ìléwọ́ wà níbẹ̀, ìbọn pọ́ǹpù náà sì wà níbẹ̀. Ìbọn ọdẹ katirííjì tí kì í ki ara rẹ̀ wà ní ìpín kejì, ṣakabùlà wà ní ìkẹta, méjèèjì sì nílò ìwé àṣẹ. Ọta tí a máa yìn nínú wọn pẹ̀lú. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún, òfin kò gbà kí wọ́n fún un ní ìwé náà. Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn èèwọ̀ mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò lè dín ní ọdún 10. Ọta AK tí wọ́n kó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú ẹnubodè wọlé lè máà pa olè kankan láéláé, ṣùgbọ́n ó lè gba bàbá lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

Mo mọ ohun tí ẹni tó ń ka èyí máa sọ: "Àwọn tó ń bọ̀ wá ká wa mọ́lé, ṣé ọta òkété ni wọ́n gbé dání? AK-47 ni wọ́n gbé." Òótọ́ ni, mi ò sì ní fi ojú kékeré wò ó. Ìbọn ní apátí, ìbọn ò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí wọ́n dojú ìbọn kọ òun? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ọkàn ya àwòrán ohun tí à ń fẹ́. Ẹnì kan ta jí lójú oorun, ojú rẹ̀ kò tíì là, òkùnkùn ṣú; mẹ́rin tàbí márùn-ún ló wà níta, wọ́n ti múra sílẹ̀ láti alẹ́. Bí onílé bá fi ráífù dá wọn lóhùn, ráífù ni wọ́n máa fi dá a padà, ògiri rẹ̀ ni wọ́n sì máa yìn ín sí. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri náà. Kò sí ọmọ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn àwọn ajínigbé. Nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀, bí agbára ìbọn bá dọ́gba, òfò kò lè dọ́gba. Bí ìbọn tó le bá yẹ ní ọwọ́ ẹnikẹ́ni láti dojú kọ irú àwọn èèyàn yẹn, ọwọ́ àwọn tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ló yẹ kó wà, tí wọ́n ń ka ọta wọn nígbà tí wọ́n ń jáde, tí wọ́n tún ń kà á nígbà tí wọ́n bá dé. Ọ̀rọ̀ tí Gómìnà Rótìmí Akérédolú ti Oǹdó ń bá ìjọba àpapọ̀ fà ní ọdún 2022 nìyẹn, nígbà tó ní bí wọ́n bá lè jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ kan ní Àríwá gbé AK-47, ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn ti ìpínlẹ̀ òun náà yẹ lẹ́ni tó ń gbé e. Ẹni tó bá fẹ́ bínú sí ààlà tí òfin fà, ibẹ̀ ni kó gbé ìbínú rẹ̀ lọ. Kó má gbé e wọ yàrá ọmọ rẹ̀.

Àtakò kejì jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ti yìn ìbọn sí ògiri láti fi dán an wò, wọ́n sì rí i pé ọta ráífù kékeré, irú 5.56 mm tó wúwo gíráàmù 4 péré, máa ń fọ́ yángá bó bá kan ògiri, débi pé nígbà mìíràn kì í jìnnà tó ọta ìbọn ìléwọ́ tàbí bọ́ọ̀lù ńlá inú katirííjì. Èyí kì í ṣe irọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ jiyàn pẹ̀lú òótọ́ gbọ́dọ̀ gbà á. Ṣùgbọ́n ògiri tí wọ́n yìn ín sí jẹ́ pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ẹfun àti bébà ṣe, tí ihò wà láàárín rẹ̀. Ilé tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọta tí wọ́n yìn sì jẹ́ èyí tí wọ́n fara balẹ̀ yàn láti inú oríṣiríṣi tó kún àtẹ. Ẹni tó ń ra ọta ráífù lábẹ́lẹ̀ ní ẹnubodè kì í yàn; ohun tí wọ́n bá gbé fún un ló ń gbà, ti ológun tí irin bò látòkè délẹ̀ ló sì sábà máa ń jẹ́. Àǹfààní tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ wà nínú yíyàn, èèwọ̀ sì ti mú yíyàn kúrò nínú ọjà wa pátápátá. Yàtọ̀ sí èyí, ìdánwò ògiri kò sọ nǹkan kan nípa ọta tó gba ojú fèrèsé tàbí ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ kọjá. Irú ọta bẹ́ẹ̀ kò rí ohun tó máa fọ́ ọ.

Kódà bí a bá rí ọta tó pé pérépéré, iṣẹ́ kan ṣì kù tí ọta kò lè bá wa ṣe. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2013, nínú ilé kan ní Pretoria ní Gúúsù Áfíríkà, Oscar Pistorius, eléré ìje tí gbogbo ayé mọ̀, gbọ́ ìró kan nínú ilé ìwẹ̀. Ó ní olè lòun rò pé ó wọlé. Ó yìn ọta mẹ́rin gba ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà ní títì. Ọta oníhò tó ń fẹjú ni, irú èyí gan-an tí àwọn onímọ̀ ní kí onílé lò. Ọta náà ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní yóò ṣe. Ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, Reeva Steenkamp. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá Pistorius lẹ́bi ìpànìyàn ní ọdún 2015, wọ́n sì sọ ẹ̀wọ̀n rẹ̀ di ọdún 13 àti oṣù márùn-ún ní 2017. Ní Louisville ní Amẹ́ríkà, lóru ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2020, àwọn ọlọ́pàá já ilẹ̀kùn Breonna Taylor. Ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ rò pé olè ni, ó yìn ẹyọ ọta kan. Àwọn ọlọ́pàá dá 32 padà. Breonna kú, ọta mìíràn sì gba ògiri wọ ilé aládùúgbò tí aboyún àti ọmọdé wà nínú rẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ ni gbogbo èyí o, kì í ṣe ráífù. Bí ọta tó ní ìdá kan nínú mẹ́rin agbára AK bá ń ṣe báyìí lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìbọn, kí ni ká máa retí lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta jí?

Àwọn àgbà kan á ní kí la tún ń wá kiri, ṣebí ṣakabùlà ni bàbá wa fi ṣọ́ ilé. Mo bọ̀wọ̀ fún ṣakabùlà àti fún àwọn ọdẹ tó ń lò ó. Bí Ògún ẹni bá dáni lójú, à fi ń gbárí. Ṣùgbọ́n ìbọn oko ni, kò rọrùn fún ilé. Ohun tí wọ́n ń kì sínú rẹ̀ kì í dọ́gba: wẹ́wẹ́ òjé, àgékù irin, ìdì ìṣó, ohun tí kò dọ́gba kì í rìn dọ́gba, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò balẹ̀ sí. Èyí tó burú jù ni pé bí a bá ti ki ṣakabùlà tán, kíkì náà kò rọrùn láti tú. Ọ̀nà tó yá jù láti sọ ọ́ di òfìfo ni kí a yìn ín. Nítorí náà ló fi máa ń wà ní kíkì lára ògiri, tí ọmọdé lè fọwọ́ kàn án. Katirííjì ní àǹfààní tí a kì í sábà kà sí: èèyàn lè yọ ọ́ jáde kó tó ṣẹ́jú. Ìbọn lè wà nínú àpótí kan, katirííjì nínú àpótí mìíràn, kọ́kọ́rọ́ wọn lọ́wọ́ ẹnì kan. Ọta tó dára fún ilé ni èyí tí a lè mú kúrò nínú ìbọn, tí ìbọn á sì padà di igi àti irin lásán títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ó ku àtakò kan, òun ló sì máa ń dùn mí jù nítorí pé kò ní irọ́ nínú: ọlọ́pàá jìnnà, bí wọ́n bá máa fi dé, aburú ti ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìpín 33 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 gbà pé èèyàn lè lo agbára tó bá yẹ láti gba ẹ̀mí tàbí dúkìá lọ́wọ́ ìwà ipá tí kò bófin mu. Àmọ́ ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà: agbára tó bá yẹ. Olè tó ti kẹ́yìn sí wa tó ń sá lọ kò yẹ lẹ́ni tí à ń yìnbọn sí mọ́. Jíjìnnà ọlọ́pàá sì ń fi yé wa pé àkókò ni ohun tí onílé nílò jù, ọta kì í sì í ra àkókò fúnni. Ilẹ̀kùn irin tí a fi ìdábùú tì ń rà á. Ajá ń rà á. Iná tó tàn sí àgbàlá ń rà á. Fèrè, agogo, nọ́ńbà 112 lórí fóònù, nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ So-Safe àti ti Amọ̀tẹ́kùn tí a ti fi pamọ́ ṣáájú, aṣọ́de tí àdúgbò ń dáwó fún, gbogbo wọn ń rà á. Ariwo ni ọta àkọ́kọ́ nínú agboolé, òun nìkan sì ni ọta tó lè kan gbogbo aládùúgbò láìpa ẹnì kankan. Àṣà wa ti pèsè èkejì rẹ̀: àlejò a máa ké àgò, onílé a máa dáhùn pé àgò yà. Ẹni tó bá wọlé láìké àgò, "Ta nìyẹn?" ló tọ́ sí i kí ohunkóhun tó tẹ̀ lé e. Ká ní wọ́n béèrè ìbéèrè yẹn ní Pretoria, tí wọ́n sì dúró gbọ́ èsì, Reeva Steenkamp ì bá dáhùn.

Ìdájọ́ mi nìyí. Onílé ní Ìmẹ̀kọ kò ní ohunkóhun í fi ọta ráífù ṣe; òfin kọ irú ti ológun fún un, ilé rẹ̀ kò gbà á, ìlò rẹ̀ kò sì sí nínú yàrá mítà mẹ́rin. Ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ fún ìbọn ọdẹ, kó ra katirííjì ọta wẹ́wẹ́, kó má pọ̀, kó jẹ́ ojúlówó, kó wà níbi tí kò tutù, kó sì wà ní títì lọ́tọ̀ sí ìbọn. Kó sì fi owó tó bá ṣẹ́ kù ra ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ná kọ́bọ̀ kan, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ kó ṣe lálẹ́ òní, lọ́fẹ̀ẹ́. Kó dúró lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀, kó na ìka sí ẹnu ọ̀nà àti sí fèrèsé, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì dárúkọ gbogbo ẹni tó sùn sí ìlà ìka náà, láti yàrá tirẹ̀ títí dé ilé aládùúgbò. Orúkọ tó bá kà ni àwọn tí ọta rẹ̀ kò ní mọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀tá.